Èmi Ni Wọ́n Fẹ́ Ni, Àbí Kóńbò Mi?

Nígbà tí mo dé Ìbàdàn, kò sẹ́ni tó kọ́kọ́ bi mí léèrè orúkọ mi. Ohun tó wà nínú àpótí tí mo gbé ni wọ́n ń béèrè. Àlàájà tó ni ilé tí mo fẹ́ gbà ní Agbówó dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fi etí ìborùn wọn nu ojú, wọ́n sì na ìka sí àpótí náà láti òkèèrè.

"Kí ló wà níbẹ̀?"

"Kóńbò ni, Màmá. Òun ló ń jẹ́ kí ohùn gìtá ròkè."

"Ìwọ tó o ti Kétu wá, lẹ́yìn bọ́dà lọ́hùn-ún, o gbé àpótí tó wúwo tó báyìí, o ní orin ló wà nínú ẹ̀? Mi ò fẹ́ fàyàwọ́ nílé mi o. Tó bá jẹ́ ìrẹsì ni, wí. Tó bá jẹ́ nǹkan mìíì ni, gbé e padà."

Mo tú ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀ fún wọn. Mo fi àwọn fáàfù inú rẹ̀ hàn wọ́n, àwọn gíláàsì roboto tó máa ń pọ́n tí iná bá ti dé ara wọn. Wọ́n ní kí n tan án kí àwọn rí i. Nígbà tí gíláàsì náà bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n bí ẹyin iná, tí òórùn eruku gbígbóná sì ń jáde, Àlàájà sún sẹ́yìn díẹ̀. Wọ́n wo àpótí, wọ́n wo ojú mi, wọ́n tún wo àpótí.

"Ó dáa," ni wọ́n wí. "Àmọ́ tá a bá ti kírun ìṣáì tán, mi ò fẹ́ gbọ́ ohùn ẹ̀ o."

Bí mo ṣe rí yàrá gbà nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, Àlàájà ò pe orúkọ mi. "Ará Kútọ̀nù" ni wọ́n ń pè mí, bẹ́ẹ̀ Kútọ̀nù jìnnà sí Kétu, èmi fúnra mi ò sì dé ibẹ̀ ju ìgbà díẹ̀ lọ. Tí omi bá yọ lẹ́nu ẹ̀rọ, wọ́n á ké sí gbogbo ayálégbé lórúkọ, wọ́n á wá fi ará Kútọ̀nù kádìí ẹ̀.

Kí ẹni tó ń ka èyí má bàa ṣì mí mú, Yorùbá ni mí. Yorùbá pọ́ńbélé ni Kétu, ìlú aládé ni. Òyìnbó Faransé ló mú apá tiwa, òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì mú apá tiwọn, kò sì sí èyí tó bi bàbá wa léèrè nínú àwọn méjèèjì. Nígbà tí mo ń bọ̀, ohun tí mo rò ni pé ilé ẹ̀gbọ́n ni mò ń lọ. Àfi bí mo ṣe la ẹnu ní ọjà Bódìjà tí obìnrin tó ń ta ata gbé orí sókè, tó ní, "Ègùn ni yín, àbí?"

Mo ti rò ó pé tó bá jẹ́ ìlú òyìnbó ni mo lọ ni, ọkàn mi ì bá balẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èèyàn á ti mọ̀ látilé pé àjèjì lòun. Ṣùgbọ́n kí èèyàn dé ibi tí wọ́n ti ń sọ èdè ìyá rẹ̀, kí wọ́n wá máa fi bó ṣe ń sọ ọ́ rẹ́rìn-ín, ìyẹn dùn mí ju ebi lọ. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ẹnu mi. Mo ń gbọ́ rédíò, mo ń gbọ́ àwọn èèyàn nínú takisí, mo ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fa ọ̀rọ̀ àti bí wọ́n ṣe ń gé e. Tí mo bá dá wà ní yàrá, mo máa ń sọ̀rọ̀ fún ara mi bí ará Ìbàdàn, títí ọ̀kan nínú àwọn ayálégbé fi kan ilẹ̀kùn pé ta ni àlejò mi.

Ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ike ní Olúyọ̀lé ni mo ti ríṣẹ́. À ń to abọ́ àti bókẹ́ẹ̀tì sínú ọkọ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Tí a bá ń jáde, sikiọ́rítì á dúró lẹ́nu géètì láti tú ara wa wò. Àwọn yòókù, á fọwọ́ kan àpò wọn, á ní kí wọ́n máa lọ. Tèmi, á tú àpò, á tú fìlà, á tún ní kí n bọ́ bàtà. Mo máa ń bi ara mi léèrè pé bókẹ́ẹ̀tì wo ló lè gbà sínú bàtà. Ṣùgbọ́n mi ò sọ ọ́ jáde, nítorí ẹni tí wọ́n bá ti ń fura sí, ẹ̀rín rẹ̀ pàápàá ẹ̀rí ni.

Kí n sọ ti kóńbò náà, nítorí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Àbúrò bàbá mi ló ni ín. Wọ́n ti fi ta gìtá nínú ẹgbẹ́ olórin kan ní Àjàṣẹ́ apá ọ̀dọ̀ wa, lẹ́yìn bọ́dà, nígbà èwe wọn. Nígbà tí ẹgbẹ́ náà tú ká, wọ́n gbé e wálé, inú àgbàlá wọn ní Kétu ni mo sì ti kọ́ gìtá, tí mo jókòó sórí àpótí ẹmu, tí ojú mi kọ sí gíláàsì pípọ́n yẹn. Nígbà tí wọ́n kú, kò sẹ́ni tó bá mi du ogún náà, nítorí ara ẹran ọ̀sìn tí wọ́n fi sílẹ̀ ni ojú gbogbo ẹbí wà.

Kò tíì pẹ́ tí mo dé Agbówó nígbà tí ọkùnrin kan dá mi dúró lọ́nà. Bùọ̀dá Délé ni, olùkọ́ ní yunifásítì, àwọn ló ń darí ẹgbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Bódìjà. Wọ́n ní ẹnì kan sọ fún àwọn pé mo ní kóńbò, tiwọn ti jó.

"Ṣé ó ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Oní fáàfù ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Gbé e wá ní Sátidé." Wọ́n ti kẹ́yìn sí mi kí wọ́n tó rántí. "Ìwọ náà máa ń ta gìtá, àbí?"

Mo ní mò ń ta á. Wọ́n ní ìyẹn náà dáa.

Ìbéèrè yẹn wọ̀ mí lára, kò sì jáde fún ìgbà pípẹ́. Mo sọ ọ́ fún ìyá mi lórí tẹlifóònù. Ní Agbówó, lọ́kánkán yunifásítì, ilé kan wà tí èèyàn ti lè sanwó pe òkè òkun. Ọjọ́ ọjà Kétu ni mo máa ń lọ, nítorí ọjọ́ yẹn ni ìyá mi máa ń wà nítòsí kabíìnì tẹlifóònù tó wà lẹ́bàá ọjà. Ọkùnrin tó ń tẹ nọ́ńbà fún wa á jókòó sítòsí bẹ́ẹ̀, á máa wo aago. Tí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ Kétu, á gbójú kúrò lára aago, á máa wo ẹnu mi.

"Ṣé àpótí náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ?" ni ìyá mi máa ń bi mí kí wọ́n tó bi mí bóyá mo jẹun.

"Ó wà, Ìyá."

"Wọn ò tíì gbà á?"

"Ta ló fẹ́ gbà á? Ìjọ Ọlọ́run ni wọ́n."

"Ìfura loògùn àgbà, ọmọ mi. Páńsá ò fura, páńsá já síná. Tí èèyàn bá ń rẹ́rìn-ín sí àlejò, kí àlejò wo ọwọ́ ara rẹ̀, kó mọ ohun tó dì mú. Àpótí ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí."

Mo máa ń ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti sanwó tí mo jáde síta, ọ̀rọ̀ ìyá mi á tẹ̀ lé mi délé. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi jẹ́ kí kóńbò sùn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bùọ̀dá Délé ní yàrá ẹrù wà, ó ní àgádágodo, pé kí n yé yọ ara mi lẹ́nu. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, mò ń gbé e sínú búùtù takisí lọ, mò ń gbé e sínú búùtù takisí bọ̀, ẹ̀yìn mi sì ń dùn mí bíi ti alábàárù.

Mi ò ní parọ́, inú mi máa ń dùn níbẹ̀. Iná tó wà nígboro nígbà náà, tó bá tilẹ̀ wá, ìdajì ló máa ń jẹ́. Áàfù kọ́rẹ́ǹtì ni wọ́n ń pè é. Ní ṣọ́ọ̀ṣì àti nílé, bákan náà ni: gílóòbù á kàn pọ́n lásán, fáànù á máa yí bí ẹni tí nǹkan sú. Iná kíkún ò ní dé títí gbogbo ayé á fi sùn, ìgbà yẹn Àlàájà ò sì fẹ́ gbọ́ ohùn mi. Gbogbo èèyàn ló ń ṣépè fún àwọn oníná, ṣùgbọ́n kóńbò mi ò ráhùn. Ohùn rẹ̀ á rọ̀, á fẹ̀. Tí mo bá tẹ okùn gìtá le, á kọ́kọ́ fà sẹ́yìn díẹ̀, á wá jáde bí ẹni tó mí kanlẹ̀. Bó ṣe máa ń rí ní Kétu gan-an nìyẹn, níbi tí iná ò ti lágbára rí. Tí mo bá ti gbọ́ ọ, màá dijú, màá wà nínú àgbàlá àbúrò bàbá mi. Àwọn àgbà ìjọ máa ń yí orí sí apá ibi tí mo wà, àwọn màmá kan á sì máa mi orí sí i. Mo rò pé ohun tí wọ́n ń gbọ́ ni ilé mi.

Àwọn nǹkan kéékèèké tún ń ṣẹlẹ̀ tó ń mú orí mi wú. Lọ́jọ́ kan ní Dùgbẹ̀, ọkùnrin kan tó gbé báàgì sórí bi mí léèrè ọ̀nà Challenge. Mo ṣàlàyé fún un, mo sọ ibi tó ti máa wọkọ̀ àti ibi tó ti máa sọ̀. Ó ní, "Ẹ ṣeun, ará Ìbàdàn." Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé ibi tí èmi fúnra mi ń lọ.

Nígbà tí mo ti lo ọdún díẹ̀ ní Ìbàdàn, Bùọ̀dá Délé rìnrìn àjò lọ sí London. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n mú nǹkan kan bọ̀ tí kò ju búrẹ́dì kan lọ. Ṣeun ló gbé e wọ ibi ìfidánrawò wa lọ́jọ́ Sátidé. Ṣeun yìí, ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn ni, ó wà ní yunifásítì, òun náà ń ta gìtá, ìka rẹ̀ sì yá.

"Bọ̀dá, ẹ wá wo nǹkan," ó wí fún mi. "Dìjítà ni. Kọ̀ǹpútà ló wà nínú ẹ̀, kò sí fáàfù kankan. Tí ẹ bá yí bọ́tìnì yìí síbí, ohùn kóńbò Amẹ́ríkà ló máa gbé jáde. Tí ẹ bá yí i síbí, ti London ni. Gbogbo kóńbò ayé ló wà níbẹ̀."

"Ohùn tirẹ̀ ńkọ́?"

"Tiẹ̀ bíi ti báwo?"

"Ohùn tí òun fúnra rẹ̀ ní. Tí kò bá ṣe bí ará Amẹ́ríkà, tí kò ṣe bí ará London, báwo ló ṣe ń dún?"

Ṣeun ronú, ó rẹ́rìn-ín. "Kò ní o. Ṣe ló kàn ń farawé."

Mi ò fẹ́ràn ìdáhùn yẹn. Ẹni tó bá ń sọ èdè gbogbo ìlú, mo máa ń fẹ́ mọ ìlú tí wọ́n ti bí i. Bí mo sì ṣe ń rò ó bẹ́ẹ̀, mo rántí ara mi ní yàrá, níbi tí mo ti ń fa ọ̀rọ̀ bí ará Ìbàdàn, inú sì bí mi sí àpótí náà sí i.

Mo ní, "Bọ́mọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà."

Àwọn akọrin rẹ́rìn-ín. Bùọ̀dá Délé náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín olùkọ́ ni tiwọn. "Kí la ṣe ń pa òwe?" ni wọ́n wí. "A ó kàn gbọ́ ọ ni. Sátidé tó ń bọ̀, Ṣeun á ta orin kan náà lára méjèèjì lẹ́yìn aṣọ. Ìwọ á sọ èyí tó jẹ́ tìẹ fún wa."

Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo fi ń ro ohun tí wọ́n ń gbèrò. Kí ló dé tí Ṣeun fi ń wá sí gbogbo ìfidánrawò? Kí ló dé tí wọ́n fi sọ lójú mi pé àpótí náà fúyẹ́, pé kò ní máa da ẹnikẹ́ni láàmú láti wá takisí? Ó yé mi kedere. Nítorí kóńbò ni wọ́n ṣe gbà mí. Wọ́n ti wá rí kóńbò mìíràn, wọ́n sì rí ẹni tí yóò máa tẹ̀ ẹ́, ọmọ wọn, ẹni tí kò sẹ́ni tó máa bi bóyá Ègùn ni. Tí mi ò bá lè fi hàn pé kóńbò mi ju ayédèrú yẹn lọ, mi ò ní ibì kan mọ́ nínú ìlú yẹn tí wọ́n ti ń retí mi.

Sátidé náà, kò síná rárá. Ṣùgbọ́n ìjọ ti ra jẹnẹrétọ̀ tuntun lọ́sẹ̀ yẹn, ẹ̀rọ ńlá kan báyìí. Wọ́n tan án, gílóòbù gbogbo sì funfun gbòò. Àwọn akọrin pàtẹ́wọ́. Wọ́n na aṣọ sáàárín, Ṣeun bọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n gbé máíkì síwájú kóńbò mi, kí ohùn méjèèjì lè gba inú sípíkà ṣọ́ọ̀ṣì jáde. Èmi fúnra mi ni mo tan kóńbò náà, mo dúró tì í títí tó fi gbóná, kí ẹnikẹ́ni má bàa fọwọ́ kàn án.

Ṣeun ta ti àkọ́kọ́. Ohùn náà le, ó ń dán, ó ń ta síni létí bí ìgbà tí wọ́n bá ń lu agolo. Mo mi orí. Ó ta ti ìkejì. Èyí rọ̀, ó fẹ̀. Bó ṣe tẹ okùn, ohùn náà fà sẹ́yìn díẹ̀, ó wá mí kanlẹ̀. Ara mi balẹ̀ pátápátá. Mo dìde dúró.

"Ìkejì nìyẹn," mo wí. "Ẹ tẹ́tí sí i dáadáa. Ohùn èèyàn ni. Ẹni tó ti jìyà ló ń sọ̀rọ̀ yẹn. Èyí tẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbọ́, kò lọ́kàn. Ẹ̀rọ lásán ni, ẹ ò rí i bó ṣe ń pariwo."

Mo tún sọ̀rọ̀ díẹ̀ sí i. Ó kù díẹ̀ kí n ka ẹsẹ Bíbélì. Ìgbà tí mo dákẹ́ ni Bùọ̀dá Délé fa aṣọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àpótí kékeré ni wáyà gìtá Ṣeun wà lára rẹ̀. Òun ló fi ta ti ìkejì. Kóńbò àbúrò bàbá mi ni ti àkọ́kọ́, èyí tí mo pè ní aláìlọ́kàn.

Ẹ̀rín bú jáde. Ẹnì kan láàárín àwọn tó ń kọ ohùn ìsàlẹ̀ ní, "Ègùn ò mọ kóńbò Ègùn." Ìyẹn tún pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Mo lọ sẹ́yìn aṣọ, mo tọ wáyà gbogbo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, níṣojú wọn, nítorí ó dá mi lójú pé ẹnì kan ti pa wọ́n dà. Wọn ò pa wáyà kankan dà. Ṣeun dúró síbẹ̀ pẹ̀lú gìtá lọ́rùn, ó ń wo ilẹ̀. Mo yọ wáyà kóńbò mi, mo gbé e, mo jáde. Bùọ̀dá Délé pè mí lẹ́yìn, ṣùgbọ́n mo ti ń dá takisí dúró.

Nígbà tí mo délé, iná ti dé, ìdajì bí ìṣe rẹ̀. Mi ò bọ́ aṣọ. Mo ki kóńbò náà mọ́ iná, mo mú gìtá, mo ta orin tí Ṣeun ta.

Ohùn rírọ̀ yẹn ló jáde. Ó fà sẹ́yìn, ó mí. Ohùn tí mo sọ pé ó jẹ́ tèmi ni, ó sì wà níwájú mi níbẹ̀. Mo gbé ojú sókè sí gílóòbù tó ń pọ́n lókè orí mi, mo sì rántí bí ti ṣọ́ọ̀ṣì ṣe funfun lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Ó wá yé mi. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, ní Kétu àti ní Ìbàdàn, mi ò tíì gbọ́ kóńbò yẹn nígbà tó jẹun yó rí. Iná ìdajì ni mo bá a nínú rẹ̀, iná ìdajì ni mo sì ń fún un. Lọ́jọ́ tí wọ́n bọ́ ọ dáadáa, ó pariwo bí ẹni tó lókun nínú, mi ò sì dá a mọ̀. Ohùn ebi ni mo ti ń pè ní ohùn ilé.

Mo jókòó síbẹ̀, ojú tì mí, mo sì tún fẹ́ rẹ́rìn-ín. Bóyá kóńbò tó ti rẹ̀ ni àwọn òyìnbó tó ṣe àpótí kékeré náà tẹ́tí sí kí wọ́n tó fi kọ́ ọ. Àkísà tí mo sọ pé kò lè ní, wọ́n ti rán an mọ́ ọn lára. Ohun tó ń dùn mí jù ni ti èmi fúnra mi. Mo ti ń fi etí mi yangàn pé ó mọ òótọ́ yàtọ̀ sí ayédèrú, pé ohun kan ṣoṣo tí mo gbé ti ilé bọ̀ nìyẹn. Tí etí ò bá mọ nǹkan ilé mọ́, kí ló kù tí mo fi jẹ́ ọmọ Kétu? Ará Ìbàdàn náà sì rèé, wọn ò gbà mí.

Ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, mo ròyìn fún ìyá mi.

"Wọ́n ṣe ọ́ ni," ni wọ́n wí.

"Wọn ò ṣe mí, Ìyá. Iná ni. Iná tiwọn kún lọ́jọ́ náà."

"Iná wo? Àwọn ni wọ́n ṣe ọ́. Gbé àpótí rẹ, kí o máa bọ̀ nílé."

Ọkùnrin aláago ń wo ẹnu mi. Mo ní màá rò ó. Lóòótọ́ ni mo sì ń rò ó. Mi ò lọ sí ìfidánrawò ní Sátidé yẹn, mi ò lọ sí ìsìn ní Sọ́ńdè, mo tún pa èyí tó tẹ̀ lé e jẹ. Mo ń retí kí ẹnikẹ́ni wá. Mo sì ti mọ ohun tí màá sọ tí wọ́n bá wá: pé kóńbò ni wọ́n tún nílò, bóyá àpótí kékeré ti bàjẹ́.

Ọ̀sán Sátidé kan ni mò ń fọṣọ lẹ́yìnkùlé nígbà tí mo gbọ́ ohùn Àlàájà lẹ́nu ọ̀nà. Ohùn náà le.

"Ta lẹ ní ẹ̀ ń wá?"

"Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń ta gìtá, mà. Ará Kétu ni."

"Kò sí ará Kétu kankan nílé yìí."

"Wọ́n ní yàrá tó wà lápá ọ̀tún..."

"Ọmọ mi ló ń gbé yàrá yẹn. Ọmọ tí mo bí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wọ kóòtù, tẹ́ ẹ há fáìlì sábíyá, tí ẹ̀ ń wá àjèjì kiri ilé onílé, ẹ lọ wá wọn ní bọ́dà. Kò sí wọn níbí."

Mo dúró lẹ́yìn ògiri pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́. Àwọn tó ń lé àjèjì ni Àlàájà fi àlejò náà pè. Láti ọjọ́ tí mo ti dé ilé yẹn, wọn ò pè mí lọ́mọ rí. Inú mi dùn, ó sì dùn mí, lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ti dá ohùn kejì mọ̀, nítorí náà mo jáde.

Bùọ̀dá Délé ló dúró níbẹ̀ nínú oòrùn, pẹ̀lú kóòtù wọn. Àlàájà wò mí bí ẹni tó fẹ́ fọ́ mi létí pé mo jáde, ṣùgbọ́n nígbà tí mo kí àlejò náà, wọ́n wọlé lọ, wọn ò sì ti ilẹ̀kùn pa.

"Kí ló dé tó ò wá mọ́?" ni Bùọ̀dá Délé bi mí.

"Ẹ ti ní àpótí, sà."

"Ta ló máa ta gìtá sí i?"

"Ṣeun."

"Ìka Ṣeun yá, àmọ́ kò mọ orin ìjọ. Sọ́ńdè tó kọjá, àwọn àgbà ò mọ ibi tí wọ́n á ti gbà á. Màmá kan bi mí pé ta ló kú."

Mi ò rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ tó ti wà nínú mi láti ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí nípa kóńbò ló jáde lẹ́nu mi.

"Bùọ̀dá, ẹ má bínú. Nígbà tẹ́ ẹ gbà mí, èmi lẹ gbà ni, àbí kóńbò?"

"Kóńbò ni."

Wọn ò tilẹ̀ ronú kí wọ́n tó dáhùn.

"Tiwa ti jó, o sì ní kóńbò," ni wọ́n wí. "A ò tíì gbọ́ ọwọ́ ẹ rí. Ṣé kí n wá parọ́ fún ẹ ni?"

Mo wo ẹ̀yìn wọn. Mọ́tò wọn ni mò ń wá, mọ́tò eléerú tó ní búùtù ńlá tí gbogbo ìjọ mọ̀. Tó bá wà níbẹ̀, mo ti mọ ohun tí wọ́n wá gbé. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo tún tẹ̀ síwájú kí n lè rí ìsàlẹ̀ àdúgbò dáadáa. Ọ̀kadà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Ẹni tó gùn ún fi ẹsẹ̀ kan tilẹ̀, ó ń dúró.

"Mọ́tò yín ńkọ́, sà?"

"Ó wà nílé. Kí ni mo fẹ́ fi mọ́tò ṣe? Lọ wọ bàtà ẹ, àwọn èèyàn ti jókòó."

Mo wọlé, mo fi aṣọ gbígbẹ nu ọwọ́, mo wọ bàtà. Kóńbò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, mo fi sílẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí mo jáde, ọlọ́kadà wo gìtá tó wà léjìká mi, ó wá wo ẹ̀yìn mi bóyá nǹkan mìíràn ṣì ń bọ̀.

"Ẹrù ńkọ́?" ó bi wá.

"Kò sẹ́rù," ni Bùọ̀dá Délé wí. "Òun nìkan la wá mú."